Bí Ingelise Toft Ṣe Tún Ẹ̀jẹ́ Ìgbéyàwó Rẹ̀ Jẹ́

Ní Tornvig, létí omi Limfjord, kò sí ẹni tí kò mọ Ingelise Toft, nítorí kò sí ẹni tí kò tíì gbé sọdá omi rí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa férì ibẹ̀, ọkọ̀ kékeré tí kì í gbà ju mọ́tò mẹ́fà lọ, tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín èbúté méjì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ, ó gbé òkú lọ síbi ìsìnkú, ó gbé dókítà, ó gbé ẹlẹ́dẹ̀. Aboyún kan tilẹ̀ bímọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kan tí yìnyín dí ojú omi. Ingelise ga, ó ki lápá, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀. Bó bá ti sọ pé afẹ́fẹ́ ò ní jẹ́ kí ọkọ̀ ṣí, àgbẹ̀ tó ń kánjú kì í bá a jiyàn. Ńṣe ni yóò pa mọ́tò rẹ̀, tí yóò sì jókòó.

Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń já tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di ẹni ọdún méjìdínlógójì, ọ̀gá awakọ̀ ìgbà náà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó kúkú lọ kọ́ ìwakọ̀ ojú omi, nítorí gbogbo ìgbà ló ń tọ́ka àṣìṣe òun. Ingelise lọ lóòótọ́. Ọkùnrin mọ́kàndínlógún ló bá ní kíláàsì, ipò kejì ló sì mú bọ̀. Wọ́n bi í pé ta ló gba ipò kìíní, ó ní, "Ọ̀kan tí ìyá rẹ̀ ń se oúnjẹ fún ni."

Ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aksel, káfíńtà èbúté, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ igi í gbẹ́. Oṣù kẹjọ ọdún 1974 ni wọ́n ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Tornvig, Ọlọ́run sì fún wọn ní ọmọbìnrin kan, Dorthe. Ilé wọn ò pariwo. Àmọ́ ní ọdún 2008, iṣẹ́ gbé Aksel lọ sí Greenland, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èbúté tuntun. Oṣù mẹ́jọ ló ní òun máa lò. Nígbà tó di oṣù keje, lẹ́tà rẹ̀ dé: òun ti rí obìnrin mìíràn níbẹ̀, òun ò ní padà wá mọ́. Nínú yàrá ìwakọ̀ ni Ingelise ti ka lẹ́tà náà. Ó ká a, ó fi ife kọfí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì tu ọkọ̀, nítorí mọ́tò mẹ́rin ń dúró.

Ọdún mọ́kànlá kọjá báyẹn. Òun kò gbé ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí kóòtù, Aksel náà kò gbé e lọ. Láàárín ìgbà náà ni Dorthe ṣègbéyàwó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé kó wá, bàbá ò dé. Ingelise ló fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìgbà tó ku díẹ̀ kí Ingelise fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni Aksel yọ. Ọjọ́ ìrì dídì kan ni, nígbà ìwọ́wé. Ingelise sún mọ́ èbúté òdìkejì, ó sì rí ọkùnrin kan tó dá dúró pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ń ṣàìsàn lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ni àbí mọ́tò?" ni Ingelise bi í.

"Ẹsẹ̀ ni."

"Àlọ nìkan àbí àlọ àtàbọ̀?"

Aksel gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Àlọ nìkan, bí o bá gbà."

"Tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ń tà. N ò tíì gba nǹkan kan."

Ó gbé e sọdá bó ṣe ń gbé gbogbo ayé sọdá. Aksel gba yàrá kan lókè ibi tí wọ́n ń kó àwọ̀n sí. Ní gbogbo òtútù ọdún náà, ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá tún nǹkan ṣe nílé tó fi sílẹ̀: ìlẹ̀kùn tí kò tì mọ́, òrùlé tó ń jò. Bó bá ti parí, wọ́n á jókòó sí kíṣìnì, á sì máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Ilé tí òun àti obìnrin náà jọ kọ́ ní Greenland ti tú láti ọdún kẹrin. Ọdún méje tó kù, ìtìjú ni kò jẹ́ kó lè wálé.

"Ọdún méje," ni Ingelise wí. "Òmùgọ̀ ènìyàn ni ọ́, Aksel."

"Mo mọ̀."

Nígbà tí òtútù lọ tán, Ingelise ní kó lọ gbé báàgì rẹ̀ wá. Àwọn tó fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, èsì kan náà ló ń fún wọn: "Ìlẹ̀kùn mi ni, èmi ni mo sì mọ ẹni tí mo ṣí i fún."

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn títí di oṣù kejì ọdún 2024. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìgbéyàwó wọn máa pé àádọ́ta ọdún. Ní Tornvig, bí tọkọtaya bá pé àádọ́ta ọdún, tiwọn nìkan kọ́. Àwọn aládùúgbò ló máa ń gé ẹ̀ka igi firi, igi tí ewé rẹ̀ kì í wọ́, tí wọ́n á fi ṣe ẹnu ọ̀nà ọlọ́lá yí ìlẹ̀kùn ilé wọn ká, tí wọ́n á wá dúró síwájú rẹ̀ ní agogo méje àárọ̀, tí wọ́n á kọrin jí wọn. Gunhild, tó ń gbé ilé kejì, ni olórí wọn. Òun náà ló máa ń kọ orin ìtàn ìgbésí ayé tí wọ́n ń kọ nídìí oúnjẹ. Ọ̀rẹ́ Ingelise ni láti kékeré, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Aksel ti dé, àgbọ̀n nìkan ló fi ń kí ọkùnrin náà.

Gunhild wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bọ́ bàtà òjò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jókòó.

"Ingelise, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Àwa aládùúgbò ti ń ṣírò."

"Kí lẹ ń ṣírò?"

"Ọdún ni. Nọ́ńbà wúrà ni à ń gbé kọ́ orí ẹnu ọ̀nà, o mọ̀. Àwọn kan ní kí a gbé àádọ́ta síbẹ̀. Àwọn kan ní rárá, kí a yọ mọ́kànlá kúrò, pé mọ́kàndínlógójì ni tìrẹ."

Ingelise bu kọfí fún un. "Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Orin lèmi ń rò. Orin àádọ́ta ọdún ò le: ìgbà tí wọ́n pàdé, ìgbà tí wọ́n bímọ, ọjọ́ tí màlúù wọ inú ọgbà. Tìrẹ yìí, mo kọ ọ́ dé ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n, orin bọ́ sí kòtò."

Ingelise rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dànù sórí aṣọ tábìlì. "Ẹ má gbé nọ́ńbà kankan kọ́. Ẹ kọ orúkọ wa méjèèjì, ó tó. Kì í ṣe àádọ́ta ọdún ni mo fẹ́ ṣe, Gunhild. Ẹ̀jẹ́ la máa tún jẹ́. Aksel máa dúró níwájú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i nígbà tó lọ, á ṣèlérí fún mi, èmi náà á sì ṣèlérí fún un."

"Ṣé Aksel ti gbà?"

"N ò tíì sọ fún un."

Ó sọ fún un nídìí oúnjẹ alẹ́, bó ṣe ń bó ọ̀dùnkún tó gbóná lọ́wọ́. Aksel gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé a ò lè ṣe é níhìn-ín, àwa méjì?"

"Ṣé àwa méjì la gbọ́ nígbà tóo lọ? Gbogbo Tornvig ló gbọ́."

"Ojú á tì mí, Ingelise."

"Kó tì ọ́. Ojú ti èmi náà fún ọdún mọ́kànlá, mo ń wa ọkọ̀ lójoojúmọ́ níwájú wọn, n ò kú."

Aksel bó ọ̀dùnkún méjì, ó fi ọ̀kan sínú àwo ìyàwó rẹ̀. Ingelise mọ ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó ti gbà, pé ọ̀nà ló ń wá báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ingelise gun kẹ̀kẹ́ lọ bá pásítọ̀. Rikke lorúkọ obìnrin náà, kò tíì pé ogójì ọdún, ọdún kejì rẹ̀ sì ni nílùú.

"Ẹ jókòó, mà," ni Pásítọ̀ Rikke wí, lẹ́yìn tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá. Àmọ́ ìjọ ò ní ìlànà kí ènìyàn tún fẹ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lójú Ọlọ́run àti lójú òfin, tọkọtaya ni yín láti ọjọ́ yìí wá. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n súre fún yín."

"Ìre dáa, n ò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kìíní, ìbéèrè ni pásítọ̀ bi wá, 'Bẹ́ẹ̀ ni' la sì dáhùn. Ọ̀rọ̀ kékeré báyẹn, ẹni tébi ń pa tó fẹ́ kí wọ́n tètè parí náà lè sọ ọ́. Lẹ́yìn ìre yín, mo fẹ́ kí kálukú wa sọ tẹnu rẹ̀."

"Kí lẹ̀yin fẹ́ sọ?"

"Ẹ máa gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà."

"Bí bàbá ò bá wá rí nǹkan sọ ńkọ́?"

"Gbogbo ìlẹ̀kùn ìlú yìí ló gbẹ́. Kò ní ṣàìrí ọ̀rọ̀ mẹ́ta gbẹ́."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì mú ìwé ọjọ́ rẹ̀ jáde. Sátidé kẹta oṣù kẹjọ, agogo mọ́kànlá.

Láti ọjọ́ náà ni Ingelise ti ń ṣètò ayẹyẹ bí ẹni tó ń ṣètò ìrìn ọkọ̀. Ó fa ìlà sára pátákó kan, ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn kíṣìnì: ìgbà tí wọ́n á wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà tí ọbẹ̀ á dé orí tábìlì ní gbọ̀ngàn ìlú, ìgbà tí ẹlẹ́dẹ̀ yíyan á tẹ̀lé e, ẹni tí kò gbọdọ̀ jókòó ti ẹni tó bá a ṣẹjọ́ ilẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó ra aṣọ aláwọ̀ búlúù. Ẹni tó tà á fún un bi í bóyá kò ní fẹ́ funfun, ó ní òun ti wọ funfun lẹ́ẹ̀kan, ìdọ̀tí kì í pẹ́ hàn lára rẹ̀. Aksel gbé kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀ jáde láti inú àpótí, apá kan ṣoṣo ló wọlé.

Ohun kan ṣoṣo ló rú Ingelise lójú, ọ̀rọ̀ Dorthe. Ó pè é lórí fóònù, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi epo bọ iyọ̀.

"Màámi, n ò wá," ni Dorthe wí láti Aarhus, ìlú tó ń gbé.

"Ìwọ lo mọ̀."

"Ẹ ò tiẹ̀ ní bẹ̀ mí?"

"Mo pè ọ́ ni, n ò bẹ̀ ọ́. Àga rẹ á wà níbẹ̀."

"Ṣé ẹ ti gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó tèmi ni? Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń wò títí wọ́n fi parí, tí mò ń rò pé bóyá ó máa wọlé. N ò gbọ́ nǹkan tí pásítọ̀ sọ."

"N ò gbàgbé, ọmọ mi. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Dorthe ní omi òun ń hó lórí iná, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ingelise yíjú sí pátákó rẹ̀. Kò yọ orúkọ ọmọ rẹ̀ kúrò lára pátákó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, ó ń já ẹ̀wà tútù nínú ọgbà nígbà tí Gunhild gba inú igbó ọgbà wọlé láìkan ilẹ̀kùn, bí ẹni tí nǹkan ń gbé.

"Aksel wá sílé mi láàárọ̀ yìí," ni Gunhild wí.

"Aksel wo?"

"Aksel mélòó lo ní? Ó ṣí fìlà, ó dúró sórí ẹní ẹnu ọ̀nà, kò gbà kí n fún un ní àga. Ó ní, 'Gunhild, mo gbọ́ pé orin bọ́ sí kòtò.' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ta ló gbẹ́ kòtò náà? Ó ní òun ni. Ó ní, 'Má fò ó. Kọ ọdún mọ́kànlá náà síbẹ̀, kọ ohun tí Ingelise ṣe, kọ ohun tí mo ṣe. Màá dìde dúró, màá sì bá yín kọ ọ́.'"

Ẹ̀wà já bọ́ lọ́wọ́ Ingelise sínú agbọ̀n. Kò rán ọkọ rẹ̀ níṣẹ́ yìí. Kò tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ orin fún un. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Tornvig kì í pẹ́ nílé ẹnìkan.

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kó jókòó. Ó mu kọfí méjì, ó jẹ àkàrà òyìnbó mi tó kù tán." Gunhild bẹ̀rẹ̀, ó ń bá a já ẹ̀wà. "Ọdún márùn-ún ni mo fi ń bínú sí ọkùnrin yẹn, Ingelise. Ó rẹ̀ mí. Àgbọ̀n mi ti ń dùn mí."

Ọjọ́ náà pé. Láàárọ̀ kùtùkùtù, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti orí omi, òórùn ewé firi sì kún inú ilé. Ní agogo méje gééré, orin bẹ̀rẹ̀ níta. Ingelise àti Aksel jáde nínú aṣọ ilé, wọ́n dúró sáàárín ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún wọn, pẹ̀lú òdòdó pépà funfun àti ti wúrà lọ́tùn-ún lósì. Ọgbọ̀n ènìyàn ó lé ló wọlé wá jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì, wọ́n sì mu ọtí líle kékeré kọ̀ọ̀kan kí òtútù má baà mú wọn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n fi okùn so kọ́ òrùlé, bí àṣà ṣọ́ọ̀ṣì etí omi, Pásítọ̀ Rikke súre fún wọn. Wọ́n ń kọ orin kejì lọ́wọ́ nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣí. Dorthe ni. Kò wá síwájú níbi tí àga rẹ̀ wà; ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, kò bọ́ kóòtù rẹ̀.

Aksel ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò mú ìwé lọ́wọ́.

"Ingelise, mo lọ. Kò sẹ́ni tó lé mi, o ò sì ṣẹ̀ mí. Fún ọdún méje, mo mọ ọ̀nà ilé, ojú ló ń tì mí. Mo ṣèlérí fún ọ pé bí ojú bá tún tì mí, ilé ni màá gbé e wá." Ó yí padà, ó wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. "Dorthe, lọ́jọ́ tìrẹ, ó yẹ kí n wà níbí. N ò wá."

Ó kan Ingelise. Ohùn tó fi ń pe mọ́tò wọ ọkọ̀ ló fi sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí kò gbọ́.

"Aksel, ojú mi méjèèjì là tí mo fi gbà ọ́. Mo ṣèlérí pé bí a bá ń jà lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún, n ò ní fa ọdún mọ́kànlá náà yọ láti fi gbá ọ lẹ́nu. Mo ṣèlérí pé bí ara rẹ ò bá yá, èmi ni màá wà níbẹ̀. N ò ṣèlérí pé màá gbàgbé, torí n kì í ṣèlérí ohun tí n ò lè ṣe."

Pásítọ̀ ní, "Àmín," ẹnìkan sì rẹ́rìn-ín láàárín ìjọ, gbogbo wọn bá tẹ̀lé e.

Ní gbọ̀ngàn, lẹ́yìn ẹlẹ́dẹ̀ yíyan, Gunhild pín orin rẹ̀. Ẹsẹ mẹ́rìnlá ni. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ kẹwàá, Aksel dìde dúró bó ṣe wí:

"Ọdún mọ́kànlá, ẹnìkan ló ń tu ọkọ̀ nínú òjò,
Ẹnìkan wà nílẹ̀ yìnyín, ó ń wo omi, kò lè sọdá.
Ingelise ń lọ, ó ń bọ̀, kò ṣi èbúté rí;
Ẹni tó bá gbọ́n jù ú lọ, kó wá tu ọkọ̀ náà wò."

Aksel kọ ọ́ tán láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ingelise ò wo ẹlòmíràn. Inú rẹ̀ balẹ̀ bí omi tí afẹ́fẹ́ fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ijó tọkọtaya. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ yí wọn ká, wọ́n ń sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀ títí àyè ijó fi tán. Bí ijó bá ti tán, àṣà ni pé kí àwọn ọkùnrin gbé ọkọ sókè, kí wọ́n bọ́ bàtà rẹ̀, kí wọ́n sì fi àlùmọ́gàjí gé imú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé Aksel, wọ́n bọ́ bàtà rẹ̀, wọ́n ń wá àlùmọ́gàjí. Ọwọ́ Dorthe ni wọ́n ti rí i. Ó ti bọ́ kóòtù rẹ̀ nígbà yẹn.

"Ẹ dì í mú dáadáa," ni Dorthe wí.

"Imú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gé, ọmọ mi," ni Aksel wí láti òkè tí wọ́n gbé e sí.

"Mo mọ̀, bàbá. Tiyín lèmi ò ní dá imú sí, n ò ní dá gìgísẹ̀ sí. Ẹ ò ní rí nǹkan wọ̀ rìnrìn àjò mọ́."

Ó gé ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, Aksel náà ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀ wọ inú etí, nítorí ojú rẹ̀ kọ òrùlé níbi tí wọ́n ti gbé e. Dorthe fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú ara rẹ̀, ó sì lọ bá wọn gbé kọfí.

Ó sun ọjọ́ méjì nílé wọn kó tó padà sí Aarhus. Òun àti bàbá rẹ̀ ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n jọ fọ abọ́, wọ́n jọ dá àga gbọ̀ngàn padà. Lọ́sẹ̀ kejì, fóònù dún nílé lọ́wọ́ ọ̀sán. Ingelise ló gbé e.

"Màámi, ẹ káàsán. Ṣé bàbá wà nílé? Fèrèsé kan wà lọ́dọ̀ mi tí kò fẹ́ tì, mo fẹ́ bi í bóyá kí n fá igi rẹ̀ ni àbí kí n fi sílẹ̀ títí òjò á fi dá."

"Ó wà níbí," ni Ingelise wí. Ó gbé fóònù lé Aksel lọ́wọ́, ó mú agbọ̀n rẹ̀, ó sì jáde lọ wo ọ̀dùnkún nínú ọgbà. Láti ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ nínú ilé, tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ igi àti òjò ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí kò kánjú rárá.